Àwọn ìránṣẹ́ olóòótọ́ nínú ìtàn Odysseus: kí ni ká gbé sórí ìtàgé?

Olùdarí Eré, Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ eléré ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì ń múra láti fi èdè Yorùbá ṣe ìtàn inú *Odyssey*, ewì Homer, akéwì ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́: bí Odysseus, ọba erékùṣù Ithaca, ṣe fi ogún ọdún wà lójú ogun Troy àti lójú ọ̀nà, tó wá fi ìrísí alágbe wọ ilé ara rẹ̀ bí àlejò. Ogójì ìṣẹ́jú ni àkókò wa, òṣèré méje ni a ní, gbọ̀ngàn náà kò sì ní aṣọ ìtàgé tí a lè fà bo nǹkan. Àwọn ìránṣẹ́ ilé la fẹ́ kí òǹwòran tẹjú mọ́, kì í ṣe àwọn jagunjagun.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ rèé. Nínú ohun tí a ti kọ, ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á bọ́ síwájú, á sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta nípa bí òun ṣe fẹ́ràn ọ̀gá òun tó. Ó gùn, gbogbo wọn sì ń dún bákan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ta gan-an ni olóòótọ́ nínú wọn, kí sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe? Ṣé ẹrú ni ká pè wọ́n, àbí ìwọ̀fà, àbí ìránṣẹ́? Wọ́n ní ká fi Patroclus, ọ̀rẹ́ Achilles akọni ogun Troy, kún un. Ṣé ó bá a mu? Ìran tí ìyá arúgbó ti ń fọ ẹsẹ̀ àlejò náà ń kọ wá lóminú: báwo la ṣe máa ṣe é tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀?

Ìwé Àtijọ́

Ẹ kú iṣẹ́, Olùdarí. Ẹ kọ́kọ́ fa igi lé gbogbo "mo fẹ́ràn ọ̀gá mi" yẹn. Homer kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ìránṣẹ́, ọwọ́ ló ń wò. Ọ̀gá ti lọ fún ogún ọdún, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó wà láàyè: ẹran mélòó ló kù lọ́wọ́ rẹ, ilẹ̀kùn wo lo tì, ọ̀rọ̀ wo lo gbé mì tí o kò sọ? Ohun tó ya olóòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀dàlẹ̀ nínú ìtàn yẹn nìyẹn, ibẹ̀ náà ni eré yín wà.

Mẹ́ta ni ẹ kò lè yọ sílẹ̀: Eumaeus tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, Philoetius tó ń da màlúù, àti Eurycleia, ìyá alágbàtọ́ tó tọ́ Odysseus dàgbà, tó tún tọ́ Telemachus ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn wà. Eurynome ń bójú tó inú ilé. Medon akéde náà jẹ́ olóòótọ́. Òun ló sá sábẹ́ àga tó fi awọ màlúù bora nígbà tí ìjà le. Dolius arúgbó àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fà gbé ohun ìjà ní Ìwé 24, apá tó kẹ́yìn nínú ewì náà. Dolius náà sì ni orúkọ baba Melanthius àti Melantho, ọ̀dàlẹ̀ méjèèjì. Ó dùn mí pé àkókò yín kò gbà á, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀.

Òṣèré méje tó: Odysseus, Penelope ìyàwó rẹ̀, Telemachus, Eumaeus, Philoetius, Eurycleia, àti Melanthius tó ń da ewúrẹ́. Àwọn 108 ọkùnrin tó kóra jọ sílé onílé láti fẹ́ ìyàwó rẹ̀ (52 wá láti Dulichium, 24 láti Same, 20 láti Zacynthus, 12 láti Ithaca fúnra rẹ̀), ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ ariwo àti ẹ̀rín wọn láti ẹ̀yìn ògiri. Méjì tó bá jáde sórí ìtàgé kò lè jọ 108 láéláé; ariwo lè jọ ọ́.

Lórí orúkọ: ìwọ̀fà kọ́ ni wọ́n. Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà máa ń fi iṣẹ́ san èlé owó tí wọ́n yá, ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà tán ló máa ń lọ ilé rẹ̀. Kò sí owó tí ẹnikẹ́ni lè mú wá kí Eumaeus lọ. Wọ́n tà á ni. Ẹrú ni, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ rọ̀ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ẹnikẹ́ni tó ní ìwà kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú. Telemachus ń pè é ní *atta*, ìyẹn ni pé "bàbá", bí ọ̀dọ́ ṣe ń pe àgbà. Òun àti Odysseus ń pe Eurycleia ní *maia*, "ìyá". Eurycleia náà sì ń pe Penelope, ìyá ilé tó ni ín, ní *nympha philē*; kò sí bí ẹ ṣe lè túmọ̀ rẹ̀ dáadáa ju "ìyàwó mi ọ̀wọ́n" lọ, bí ìyá àgbà inú agbo ilé ṣe ń pe ẹni tí wọ́n gbé wá ṣojú rẹ̀. Ẹ lo àwọn orúkọ yìí, kí àwọn ọ̀dàlẹ̀ nìkan máa fi "ẹrú" bú èèyàn.

Eumaeus gan-an kì í ṣe ẹni tí wọ́n bí sóko ẹrú. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ctesius ni baba rẹ̀, ọba tó ń ṣàkóso ìlú méjì ní erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Syria (kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ lónìí). Obìnrin ará Sidon kan tó jẹ́ ẹrú nílé baba rẹ̀, tó sì ń tọ́jú rẹ̀, ló bá àwọn oníṣòwò ojú omi dìmọ̀ pọ̀. Ó fi ife mẹ́ta pa mọ́ sí àyà, ó fa ọmọ náà lọ́wọ́, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀. Ọjọ́ keje lórí omi, obìnrin náà kú, wọ́n jù ú sí òkun. Wọ́n ta ọmọ náà fún Laertes, baba Odysseus. Ìyá Odysseus tọ́ ọ pọ̀ mọ́ Ctimene ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì wá fún un láṣọ àti bàtà nígbà tó dàgbà, ó ní kó máa lọ sóko. Ẹ wo ọ̀nà tó gbà dọ́gba: alágbàtọ́ kan ló jí i tà, alágbàtọ́ mìíràn, Eurycleia, ló wá jọ ń ṣọ́ ilé pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá fún Eumaeus ní ọ̀rọ̀ gígùn kan ṣoṣo, kó jẹ́ èyí, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìwé 15, ní alẹ́, fún àlejò tí kò mọ̀ pé ọ̀gá òun ni.

Ẹ má fi Patroclus kún un. Òmìnira ni, ọmọ Menoetius. Ó fi ìbínú pa ọmọ Amphidamas nídìí ayò, baba rẹ̀ bá gbé e sá lọ sọ́dọ̀ Peleus, baba Achilles. *Therapōn* ni Homer pè é, ìyẹn ọmọlẹ́yìn tó ń dúró ti akọni lójú ogun. Bí ẹ bá tò ó mọ́ Eumaeus, àwọn ọmọ á rò pé ohun kan náà ni ọ̀rẹ́ àti ẹrú.

Ìran tí mo fẹ́ kí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí ni ti Ìwé 21. Odysseus mú Eumaeus àti Philoetius jáde sí àgbàlá, ó fi àpá tí ìmàdò dá sí i lẹ́sẹ̀ hàn wọ́n, ó pín iṣẹ́, ó sì ní kí wọ́n má jọ wọlé pa pọ̀, kí wọ́n máa wọlé níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe tò:

Eumaeus gbé ọrun Odysseus, èyí tí Penelope fi lélẹ̀ kí àwọn olùfẹ́ ìyàwó fi díje. Àwọn olùfẹ́ ìyàwó pariwo mọ́ ọn pé ajá tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa jẹ ẹ́, ẹ̀rù bà á, ó gbé ọrun náà sílẹ̀. Telemachus jágbe mọ́ ọn kó máa gbé e bọ̀. Ó tún un gbé, ó gbé e lé Odysseus lọ́wọ́. Ẹ má yọ ìbẹ̀rù yẹn kúrò rárá. Ẹni tí ẹ̀rù bà tó sì tún nǹkan gbé ní ọ̀wọ̀ lójú mi ju ẹni tí kò bẹ̀rù lọ. Eumaeus wá pe Eurycleia, ó ní kó ti ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, kí wọ́n má jáde bí wọ́n bá gbọ́ ìkérora. Homer ní kò fèsì. Ó lọ, ó tì í. Philoetius náà bẹ́ jáde láìsọ̀rọ̀, ó ti ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ó mú okùn ọkọ̀ ojú omi tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi so ó pinpin, ó padà wá jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wo Odysseus. Lẹ́yìn ìyẹn ni okùn ọrun tó ké bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀.

Ilẹ̀kùn méjì, okùn kan, ọrun kan, kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan níbẹ̀.

Ẹlẹ́ran Ìjerò

Ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ Eumaeus ti hàn jù, àwọn eléré a sì máa fò ó bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ìwé 14 ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ẹlẹ́dẹ̀ 12 nínú àgbàlá kan, abo 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 600 abo. Akọ ń sùn síta. 360 ni wọ́n, wọ́n kéré nítorí pé àwọn tó wà nílé ọ̀gá ń jẹ wọ́n. Ajá 4. Ọkùnrin 4 lábẹ́ Eumaeus: mẹ́ta ń da ẹran kiri, ẹ̀kẹrin ti fa ẹlẹ́dẹ̀ lọ sí ìlú fún àwọn ajẹnirun yẹn. Eumaeus fúnra rẹ̀ ló mọ ọgbà náà, kò sẹ́ni tó rán an: òkúta ni ìdí, ẹ̀gún lórí, igi tí ó là tó rì mọ́lẹ̀ ṣìkìtì-ṣìkìtì yí ìta ká. Penelope kò mọ̀, Laertes kò mọ̀.

Bí a bá fi ojú ẹni tó ń sin ẹran wò ó, iye yẹn ń sọ nǹkan. Akọ kan tó fún abo púpọ̀. Bí wọ́n bá ń jẹ akọ, agbo á ṣì máa kún padà. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ abo, ó tán. Bí mo ṣe kà á, àwọn 600 tó wà nínú ọgbà yẹn ni Eumaeus fi gbà ọrọ̀ ọ̀gá rẹ̀ là. Kò lè dá àwọn ọkùnrin 108 dúró, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó lè jẹ́ kí wọ́n jẹ àti ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ó tún mọ ìyókù lórí: agbo màlúù 12 lórí ilẹ̀ ńlá òdìkejì, agbo àgùntàn 12, ti ẹlẹ́dẹ̀ 12, ti ewúrẹ́ 12, àti agbo ewúrẹ́ 11 ní Ithaca níbí. Ẹ jẹ́ kó máa ka ìyẹn fún àlejò, kó máa fi ìka kà á. Ìyẹn dára ju "ọ̀gá mi dára" lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Bí ẹ bá fẹ́ ìran kan tí kò ní ọ̀rọ̀, òpin Ìwé 14 ni kí ẹ mú. Òjò ń rọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Eumaeus ti tẹ́ ibùsùn fún àlejò nítòsí iná, ó fi awọ àgùntàn àti ti ewúrẹ́ tẹ́ ẹ, ó fi aṣọ ìbora tó nípọn bò ó. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà sùn. Òun nìkan kò gbà láti sùn jìnnà sí ẹran. Ó gbé idà kọ́ èjìká, ó wọ aṣọ tó nípọn, ó mú awọ ewúrẹ́ ńlá kan, ó mú ọ̀kọ̀ fún ajá àti fún olè, ó lọ sùn lábẹ́ àpáta níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Odysseus ń wò ó láti orí ibùsùn, inú rẹ̀ dùn. Ní Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́sunta wà lókè orí yín, kò sí òǹwòran tí kò ní mọ ohun tó túmọ̀ sí kéèyàn wọ abẹ́ àpáta nígbà òjò. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tó. Ìlù kékeré fún òjò, kò sí ọ̀rọ̀.

Nígbà tí àlejò kọ́kọ́ dé, Eumaeus ń gé awọ màlúù fi ṣe bàtà fún ara rẹ̀. Ajá mẹ́rin ya bo àlejò. Odysseus gbọ́n, ó jókòó sílẹ̀, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Eumaeus sáré jáde, awọ bọ́ lọ́wọ́ òun náà, ó ń sọ òkò lu ajá. Awọ gidi ni kí ẹ lò, kí ọ̀bẹ kú. Bí òṣèré bá ń fi ọwọ́ òfo ṣe bí ẹni ń gé nǹkan, àwọn ọmọ iwájú á rẹ́rìn-ín, ìran náà á bàjẹ́.

Ẹ kíyè sí oúnjẹ náà. Ọ̀sán, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ méjì ló pa: ó ní ohun tó wà fún ẹrú nìyẹn, àwọn tó sanra wà fún àwọn tó wà nílé. Ó yan án, ó gbé e wá pẹ̀lú igi tó fi yan án, ó bu ìyẹ̀fun ọkà báálì sí i lórí. Alẹ́, ó yí ọkàn padà, ó pa ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún, ó pín in sọ́nà méje: ọ̀kan fún òrìṣà Hermes àti àwọn òrìṣà obìnrin inú igbó, mẹ́fà fún àwọn mẹ́fà tó wà níbẹ̀. Àlejò ló fún ní ẹran ẹ̀yìn, ìpín ẹni iyì. Ní Èkìtì, kò sí ẹni tí ẹ máa ṣàlàyé fún pé ìpín ẹran ń sọ̀rọ̀. Igi súyà tó fún yíyan.

Òwe kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sẹ́nu Melanthius. "Ìmàdò ìbá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́, ẹrú ìbá jọba, èèyàn kò ní kù kan." Kó fi bú Eumaeus ní ìdí omi lójú ọ̀nà ìlú, ní Ìwé 17, níbi tó ti ta Odysseus nípàá ní ìbàdí. Ọmọ ọba ni ẹni tó ń bú, ìmàdò ló sì dá àpá sí ẹsẹ̀ ẹni tó ta nípàá. Ìdajì àwọn òǹwòran á ti mọ ìyẹn nígbà náà.

Ìyá Olùkọ́, Adó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ń bọ̀ lórí ìwẹ̀ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ obìnrin náà.

Eurycleia, ọmọ Ops, ọmọ Peisenor. Laertes rà á ní ọ̀dọ́ ní iye owó màlúù 20, ó bu ọlá fún un bí ìyàwó ilé, kò sì bá a sùn nítorí ìbínú ìyàwó rẹ̀. Òun ló gbé Odysseus jòjòló lé orúnkún Autolycus bàbá ìyá rẹ̀, tó ní kó fún un lórúkọ. Ní Ìwé 2, òun ló di ẹrù fún Telemachus lóru: ìkòkò ọtí 12, òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun 20. Ó búra pé òun kò ní sọ fún Penelope títí di ọjọ́ kọkànlá tàbí ìkejìlá, ó sì mú ìbúra náà ṣẹ.

Ìbẹ̀rẹ̀ eré yín wà ní òpin Ìwé 1, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lò ó. Telemachus ń lọ sùn. Ìyá náà gbé ògùṣọ̀ níwájú rẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí ibùsùn, ó bọ́ ẹ̀wù, ó jù ú sí i lọ́wọ́. Ó tẹ́ ẹ, ó ká a, ó fi kọ́ èèkàn ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó jáde, ó fi ọwọ́ fàdákà fa ilẹ̀kùn, ó sì fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìdábùú rẹ̀ wọlé. Ẹni tó ń ká aṣọ báyìí la máa rí lẹ́yìn tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ kú. Ọwọ́ kan náà ni.

Ó yá, Ìwé 19. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí, ẹ má yí i padà, nítorí pé ọ̀kan ló ń fa èkejì.

Odysseus kọ̀ kí àwọn ọmọdébìnrin fọ ẹsẹ̀ òun. Arúgbó tó ti rí ìyà bí tòun ló ní òun fẹ́. Eurycleia sọ fún un pé nínú gbogbo àlejò tó ti wá, kò sí ẹni tí ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ ti Odysseus tó báyìí. Nígbà náà ló da omi tútù púpọ̀ sínú bàsíà, ó wá da gbígbóná lé e. Bí ó ti ń pò ó lọ́wọ́, Odysseus rántí àpá, ó yára kọ ẹ̀yìn sí iná, ó kọjú sí òkùnkùn. Asán ni, àtẹ́lẹwọ́ ló fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú. Ẹsẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já sínú bàsíà, irin náà dún, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi dànù. Ó fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀: "Ìwọ ni Odysseus, ọmọ mi." Ó yíjú sí Penelope láti sọ fún un. Odysseus fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀fun rẹ̀ mú, ó fi tòsì fà á mọ́ra. Lẹ́yìn ìhalẹ̀ rẹ̀, ìyá náà ní òun máa dúró bí òkúta líle tàbí irin. Ó dìde, ó lọ pọn omi mìíràn, ó padà wá fọ ẹsẹ̀ náà tán, ó fi òróró pa á.

Pípọn omi lẹ́ẹ̀kejì yẹn ni ìránṣẹ́ olóòótọ́. Ó ti mọ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kó rin gbogbo fífẹ̀ ìtàgé lọ kó sì rìn ín bọ̀, kí a máa wo ojú rẹ̀.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́: bàsíà rọ́bà. Kò dún. Ẹ lo tánganran tàbí irin tó fẹ̀ tí kò jìn, ẹ bu omi lítà méjì péré sí i. Bí omi bá kún, bàsíà á wúwo, kò ní fì, omi náà á sì pa ohùn irin. Ẹ gbé e sórí sìmẹ́ńtì lásán, ẹ má tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan tí òǹwòran kò ní rí. Kí gìgísẹ̀ já lu etí bàsíà níhà tí kò sí òkúta. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ sí itan Eurycleia, òun náà ni yóò fi nu ilẹ̀ kó tó dìde lọ pọn omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnì kan á yọ̀ ṣubú. Àpá náà wà lókè orúnkún. Èyí tí ẹ bá fi ìyẹ̀fun àti gọ́ọ̀mù ṣe á rẹ̀ bí omi gbígbóná bá kàn án, nítorí náà kí omi má kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ọwọ́ nìkan ni kó gun òkè dé àpá. Penelope gbọ́dọ̀ ti kọjú síbòmíràn kí bàsíà tó dún. Athena, òrìṣà obìnrin tó ń ran Odysseus lọ́wọ́, ló yí ọkàn rẹ̀ padà nínú ìtàn. Nínú eré yín, kó máa wo òwú ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé: ọfọ̀ ni àwọn ọmọ Autolycus fi dá ẹ̀jẹ̀ ọgbẹ́ yẹn dúró ní òkè Parnassus, lẹ́yìn tí wọ́n dì í. Bí ẹ bá ní ẹni tó lè pe ọfọ̀ lẹ́yìn ògiri nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ bá kan àpá, ìtàn ọgbẹ́ ti wọlé nìyẹn láìsí àlàyé.

Olùdarí Eré, Ìkẹ́rẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. A ti yọ àwọn ọ̀rọ̀ gígùn náà. Ti Eumaeus nìkan ló kù. Ìbéèrè méjì ló ṣẹ́kù. Àwọn ìránṣẹ́bìnrin méjìlá tí wọ́n pa torí pé wọ́n bá àwọn olùfẹ́ ìyàwó dìmọ̀ ńkọ́, ṣé ká fi hàn? Olùkọ́ kan sì sọ pé a ń yin ẹrú torí pé ó gbà láti jẹ́ ẹrú. Kí ni ká fún un lésì?

Ọmọ Ọ̀tùn

Olùkọ́ yẹn rí nǹkan, kí ẹ má gbójú fo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìtàn náà fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní Ìwé 17, Argos, ajá tí Odysseus tọ́ kó tó lọ sógun, sùn sórí ààtàn ìgbẹ́ màlúù, eégbọn kún ara rẹ̀. Ó mọ ọ̀gá rẹ̀, ó ju ìrù, ó rẹ etí sílẹ̀, kò lágbára láti sún mọ́ ọn. Odysseus yíjú nu omijé kí Eumaeus má bàa rí i. Eumaeus wá ṣàlàyé ìdí tí kò sẹ́ni tó tọ́jú ajá náà: ọjọ́ tí oko ẹrú bá bá èèyàn, Zeus, olórí àwọn òrìṣà, a gba ìdajì iyì rẹ̀ lọ. Ẹrú ló sọ ọ́, nípa àwọn ẹrú. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sínú eré. Ẹ fi kún un pé Eumaeus fi owó ara rẹ̀ ra ẹrú tirẹ̀, Mesaulius, lọ́wọ́ àwọn ará Taphos. Odysseus ṣèlérí ìyàwó, ohun ìní, àti ilé nítòsí tirẹ̀ fún òun àti Philoetius, pé wọ́n á dà bí ọ̀rẹ́ àti ẹ̀gbọ́n-àbúrò Telemachus. Ìlérí la gbọ́. Ìtàn náà parí láìfi ọjọ́ tí wọ́n gbà á hàn wá.

Àwọn méjìlá náà: nínú 50 ìránṣẹ́bìnrin ni. Eurycleia ló ka iye wọn fún Odysseus. Wọ́n mú kí wọ́n gbé òkú jáde, kí wọ́n fi kàn-ìn-kàn nu tábìlì, lẹ́yìn náà Telemachus fi okùn ọkọ̀ so wọ́n rọ̀. Ẹ má ṣe é níwájú ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má pa á rẹ́. Ẹrú kan ní í mú ni bú igba ẹrú. Níhìn-ín, Melantho bú àlejò lójú wa, a kò sì gbọ́ ohùn púpọ̀ lẹ́nu àwọn yòókù kí wọ́n tó kú. Kí Eurycleia sọ iye náà jẹ́ẹ́, "àádọ́ta ni wá, méjìlá nínú wa," kí ó gbé aṣọ tó fi nu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí kalẹ̀, kí ó dákẹ́. "Nínú wa" ni, kì í ṣe "nínú wọn".

Mo fara mọ́ Ìwé Àtijọ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn ìránṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbọràn ló máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Darandaran Laius ọba Thebes, tí wọ́n ní kó lọ pa Oedipus ọmọ ọba náà ní jòjòló, kò lè pa á. Àánú ọmọ ló ṣe é. Cilissa, alágbàtọ́ ọmọ ọba Orestes nínú eré Aeschylus, òǹkọ̀wé eré Gíríìkì, ti ọdún 458 ṣáájú ìbí Kristi, yí iṣẹ́ tí wọ́n rán an padà: wọ́n ní kó pe Aegisthus, ọ̀tá Orestes, wá pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́, ó pè é wá láìsí ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ tí òun sì sọ nípa ọmọ tó tọ́ ni pé ọmọ ọwọ́ kò lè sọ bóyá ebi ni tàbí òùngbẹ, àti bí òun ṣe máa ń fọ aṣọ tí ó tọ̀ sí. Àti alágbàtọ́ Phaedra nínú eré Euripides ti ọdún 428 ṣáájú ìbí Kristi, tó fẹ́ ran Phaedra tó tọ́ lọ́wọ́, tó lọ tú àṣírí ìfẹ́ rẹ̀ fún Hippolytus, ọmọ ọkọ rẹ̀: Phaedra para rẹ̀. Ẹ ka wọ́n fún olùkọ́ náà. Kò sí èyí tó jẹ́ igi nínú wọn.

Ìyá Olùkọ́, Adó

Mo gbà pẹ̀lú "nínú wa" yẹn, ó dára gan-an.

Nǹkan kan ṣoṣo nípa òpin. Nígbà tí Eurycleia wọlé tó rí òkú àwọn olùfẹ́ ìyàwó, ó la ẹnu láti hó ìhó ayọ̀. Odysseus dá a dúró: kó yọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, kò tọ́ kéèyàn máa hó lórí òkú. Kí ìhó náà bẹ̀rẹ̀ gan-an, kó gé kúrú sí i lọ́fun; ẹ ti rí ọwọ́ kan lọ́fun yẹn tẹ́lẹ̀ ní Ìwé 19, nísinsin yìí ọ̀rọ̀ nìkan ló dá a dúró.

Lẹ́yìn náà, Odysseus ní kó mú iná àti imí ọjọ́ wá láti fi wẹ ilé mọ́. Ẹ má jó imí ọjọ́ gidi nínú gbọ̀ngàn. Èéfín rẹ̀ ń gba èémí, ó sì ń ta ojú àti ọ̀fun. Tùràrí díẹ̀ lórí ẹ̀yinná nínú àpáàdì amọ̀ tó. Kí Eurycleia fúnra rẹ̀ gbé e wá, kó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kó gbé e fún Odysseus, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn lọ jí Penelope: orúnkún ń yára, ẹsẹ̀ ń kọ. Penelope á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Bí gbọ̀ngàn yín kò bá ní àtẹ̀gùn, ẹ to bẹ́ǹṣì mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ kàn wọ́n mọ́ra kí wọ́n má mì.